Ta Ní Ń Tún Un Ṣe?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ń pa òwe yìí láì ronú sí i pé àkísà jẹ́ ohun tí a lè fi yangàn. Aṣọ kì í ṣàdédé di àkísà. A ti wọ̀ ọ́ lọ sí oko, a ti wọ̀ ọ́ lọ sí òde. Ó ti ya, a ti rán an, ó sì ti tún ya. Ẹni tí ó bá ní àkísà, ó ní ìtàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí ní ìlú Warri, tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ilẹ̀ Yorùbá, ni òwe yìí ṣẹ mọ́ lára ní àkókò ìsinmi kan. Bí ọ̀rọ̀ náà ti lọ kò ní ṣàì wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ ìtàn nípa ayé tí ń bọ̀.

Ọmọ bíbí Òṣogbo ni bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ní ọdún 1986, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ni ó dágbére fún àwọn òbí rẹ̀, tí ó forí lé Warri láti lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Kì í ṣe òun nìkan ni ó gba ọ̀nà náà. Láti ọdún 1978 ni ilé-iṣẹ́ ìfọpo ti wà ní Warri. Nígbà tí ó sì di ọdún 1982, ìjọba àpapọ̀ ṣí ilé-iṣẹ́ irin ńlá tí ó wà ní Aladja, ní òdìkejì odò. Ètò tí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n máa kó irin tí wọ́n bá yọ́ ní Aladja lọ sí Òṣogbo, Jos àti Katsina, kí wọ́n sì máa tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ di ọ̀pá irin tí àwọn tí ń kọ́ ilé ń lò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé irin ni ó so Òṣogbo pọ̀ mọ́ Warri kò parọ́. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi irin jẹun ní ayé ìgbà náà, Warri ni oko rẹ̀.

Lónìí, bàbá náà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí Enerhen Junction. Ó ń ṣe géètì, ó ń jó táńkì omi, ó sì ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Nítorí pé ní Warri, bí ó ti rí ní ibi gbogbo ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá lè jí jẹnẹrétọ̀ dìde kò ní wá oníbàárà tì. Èdè mẹ́rin ni ó fi ń ná ọjà: Yorùbá, Urhobo díẹ̀, Itsekiri tí ó máa ń pè ní àbúrò Yorùbá, àti Pídígìn tí gbogbo Warri ń sọ. Ṣùgbọ́n ọdún tí ó ti lò níwájú iná wẹ́dà ti gba nǹkan lọ́wọ́ ojú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àfi kí ó gbé ìwé sún mọ́ imú kí ó tó rí lẹ́tà inú rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni ó ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀: kò sí ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ náà nínú wọn. Ó ní kí iná náà parí sí ojú òun. Owó géètì àti owó jẹnẹrétọ̀ ni ó fi rán ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó túká fún ìsinmi, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ti ní kí olúkúlùkù lọ kọ ìtàn àròsọ kan wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí pinnu láti kọ irú ìtàn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sábàá kọ, èyí tí sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ jẹ́ kókó inú rẹ̀. Ó kọ ìtàn nípa Warri ní ọdún 2125. Nínú ìtàn náà, ọkọ̀ tí kò ní táyà ń fò lókè odò láti Warri lọ sí Aladja. Iná mànàmáná kì í lọ. Róbọ́ọ̀tì ní ń ro sítáàṣì, òun náà ní ń bu ọbẹ̀ bàǹgà lé e fún àwọn oníbàárà. Iná gáàsì tí ń jó tọ̀sán tòru ní àgbègbè náà ti kú, ọ̀run sì mọ́ roro. Bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ sí Òṣogbo, yóò wọ inú yàrá dígí kan, kí ó sì tó ṣẹ́jú, yóò bá ara rẹ̀ ní Òṣogbo. Kò sí ariwo, kò sí èéfín, kò sí ẹrẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, ó mú ìwé rẹ̀, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti kà á fún bàbá rẹ̀. Bàbá náà ń tú jẹnẹrétọ̀ kan lọ́wọ́, ó ń ju àwọn nọ́ọ̀tù rẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Ó gbọ́ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu rárá. Nígbà tí ọmọ pa ìwé dé, bàbá nu ọwọ́, ó ní:

"O káre. Yorùbá rẹ dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n yàrá dígí tí ń gbé ènìyàn lọ sí Òṣogbo yẹn, ta ní ń tún un ṣe?"

"Kì í bàjẹ́, sà."

"Bí ó bá wá bàjẹ́ ńkọ́?"

"Àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà gbọ́n, sà. Wọn yóò máa tún ara wọn ṣe ni."

Bàbá mi orí díẹ̀. Ó mú nọ́ọ̀tù kan nínú agolo, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó wò ó. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé ìlú yẹn kò ní ibi tí èmi lè jókòó sí." Ó sì padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ. Ó kọ́kọ́ rò pé bàbá òun kò mọ ohun tí a ń pè ní àròsọ ni. Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó tún ìtàn náà kà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọba wà níbẹ̀. Dókítà wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, oníṣòwò wà níbẹ̀, arẹwà obìnrin kan sì wà níbẹ̀. Kò rí ẹyọ ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí. Òun tí ó jẹ pé owó iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ti dá ìlú odidi kan sílẹ̀, kò sì fi ààyè gba ẹni tí ó tọ́ ọ. Kò mọ ìgbà tí ó ṣe é.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ìbéèrè bàbá rẹ̀ wo àwọn eré tí ó ti kọ́ bí a ti ń kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Star Trek, eré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi hàn lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1966, ọdún kan náà tí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Ughelli, tí kò jìnnà sí Warri, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú eré náà ni yàrá dígí rẹ̀ ti wá. Bí àwọn ará inú ọkọ̀ Enterprise bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí ayé mìíràn, ẹ̀rọ kan ní ń tú ara wọn ká níhìn-ín, tí ó sì ń tò ó jọ lọ́hùn-ún. Ọ̀ràn owó ni ó bí ẹ̀rọ náà: yóò ti ná àwọn tí ń ṣe eré náà ní owó púpọ̀ jù láti máa ya àwòrán ọkọ̀ tí ń balẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1966, wọ́n fi apá kan hàn nínú eré náà, níbi tí ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́ nígbà tí àwọn ọkùnrin kan wà nínú ayé tí òtútù rẹ̀ ń pa ènìyàn. Díẹ̀ ni ó kù kí òtútù pa wọ́n tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 1967, àwọn òǹwòran rí i pé ọkọ̀ kékeré kan wà nínú Enterprise tí ó lè gbé ènìyàn sọ̀ kalẹ̀, tí ó sì lè gbé e gòkè. Kí ni ó dé tí ẹnikẹ́ni kò rántí ọkọ̀ náà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn? Àwọn òǹkọ̀wé kò tíì dá a ni. Lójú òǹwòran, ó dà bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń rì sódò, tí ó ń sáré wá okùn kiri ìlú, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ wà ní ìdè lẹ́yìnkùlé.

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò jẹ́ ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn náà ní ohun tí ń gbé ènìyàn rìn láì fẹsẹ̀ rìn. Egbé ní ń gbé ológun kúrò lójú ewu. Kánàkò ní ń ká ọ̀nà jíjìn kò. Ṣùgbọ́n kò sí oògùn kan tí kò ní èèwọ̀, ẹni tí ó bá sì da èèwọ̀ náà, oògùn rẹ̀ kò ní jẹ́. Nínú àlọ́ Ajá tí ó gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run nígbà ìyàn, orin ni Ajá máa ń kọ kí ìyá rẹ̀ tó ta okùn sílẹ̀ fún un. Ọ̀sán ni o, òru ni o, ebi ìbáà pa Ajá dé ibi tí ó bá dé, bí kò bá kọrin, okùn kò ní wá sílẹ̀. Orin yẹn náà ni Ìjàpá jí kọ́, òun náà ni ó sì fi gun okùn. Òfin tí àpàlọ́ bá fi lélẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ń tẹ̀lé dé òpin, nítorí pé àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó yí i ká kò ní gbà fún un bí ó bá gbàgbé.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ohun tí kò bára mu nínú irú ìtàn wọ̀nyí ni ó jẹ́ àṣìṣe. Nígbà tí sinimá Black Panther jáde ní ọdún 2018, àwọn kan bi í léèrè pé báwo ni orílẹ̀-èdè Wakanda, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ju ti gbogbo ayé lọ, ṣe tún ń fi ìjà ní ìdí omi tí ń dà láti orí àpáta mọ ẹni tí yóò jọba, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sì ń gbé ọ̀kọ̀ kiri. Ọmọ Warri kò ní béèrè bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún 2021, wọ́n dé Ògíamẹ̀ Atúwatse Kẹta ládé gẹ́gẹ́ bí Olú Warri ní Ode-Itsekiri. Ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ síbẹ̀, àṣà àtayébáyé ni wọ́n sì tẹ̀lé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Itsekiri tí wọ́n wà lókè òkun ń wo ohun gbogbo bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ lórí tẹlifóònù ọwọ́ wọn. Ẹni tí ó ra aṣọ tuntun kì í dáná sun ti àtijọ́. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n béèrè nípa Wakanda ni ìdí tí ó fi jẹ́ pé Shuri, àbúrò ọba, nìkan ni a fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ní ìdí iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn wo ní ń pààrọ̀ èyí tí ó bá gbó? Níbo ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, òun àti bàbá rẹ̀ jọ wo sinimá Star Wars tí ó jáde ní ọdún 1980 lórí tẹlifóònù. Ọkọ̀ òfurufú Han Solo ni èyí tí ó yẹ kí ó sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọ̀tá bá sún mọ́ wọn, ẹ̀rọ ọkọ̀ náà a kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, iná inú ọkọ̀ náà kú. Han Solo fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ara ọkọ̀, iná sì padà wá. Bàbá tí ó ti gbé tẹlifóònù náà sún mọ́ ojú bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Èyí ni oníṣẹ́! Ẹni tí ó kọ èyí ti ní ọkọ̀ rí." Kò béèrè bí ọkọ̀ kan ṣe lè sáré ju ìmọ́lẹ̀. Ó ti gba ìyẹn gbọ́, nítorí pé ó rí i pé ọkọ̀ náà lè bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n inú ìwé ọmọ Yorùbá kan, Amos Tutuola ará Abẹ́òkúta, ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti rí èyí tí ó wọ̀ ọ́ lára jù. Ní ọdún 1954 ni Tutuola tẹ ìwé rẹ̀ nípa ọmọkùnrin tí ó sọnù sínú igbó àwọn iwin, ọdún márùn-ún gbáko kí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. Nínú ìwé náà ni obìnrin iwin kan wà tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán: bí ó bá na ọwọ́, ẹni tí ó sọnù á rí ìlú rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ nínú ọwọ́ náà. Ṣùgbọ́n egbò bo obìnrin náà lára. Ó ní kí ọmọkùnrin náà máa fi ahọ́n lá egbò náà fún ọdún mẹ́wàá kí òun tó fi ọ̀nà ilé hàn án. Inú àtẹ́lẹwọ́ yẹn kan náà ni ọmọkùnrin náà ti rí ìyá rẹ̀ níbi tí ó ti ń sọ ewé tí a fi ń wo egbò. Ó já ewé náà, ó fi wo obìnrin iwin sàn, ọ̀nà sì là. Òǹkọ̀wé yìí dá ẹ̀rọ tí ó ju ti ayé ìgbà rẹ̀ lọ, kò sì gbàgbé pé ara ni ẹ̀rọ náà, pé ara sì ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹni tí yóò bá rí ìyá rẹ̀ nínú ọwọ́ náà, yóò kọ́kọ́ tọ́jú egbò.

Bí a bá sì wo Warri fúnra rẹ̀, a óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ìtàn lọ. Ní ọdún 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Itakpe sí Warri, kí ó lè máa gbé òkúta inú èyí tí a ti ń yọ irin lọ sí Ajaokuta àti Aladja. Ọdún 2020 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó ṣí i. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Bí òǹkọ̀wé kan bá ti kọ ọ́ sínú ìtàn ní ọdún 1987 pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, wọn ìbá ní kò mọ ìtàn í dá. Ní ìparí ọdún 2024, wọ́n kéde pé ilé-iṣẹ́ ìfọpo Warri ti jí dìde lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ó fi dákẹ́. Kí oṣù kìíní ọdún 2025 tó parí, ó ti tún dákẹ́. Ọjọ́ tí a bá ṣí ẹ̀rọ ni a máa ń gé ríbọ́ọ̀nù, tí àwọn oníròyìn máa ń ya fọ́tò. Kò sí ẹni tí ń gé ríbọ́ọ̀nù fún ọjọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ nọ́ọ̀tù tí ó dógùn-ún.

Ibi tí ìtakora inú àwọn ìtàn yìí ti ń ṣe ni ní jàǹbá gan-an nìyí. Ẹni tí ó bá dàgbà lórí ìtàn tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ kì í gbó, yóò máa retí pé kí ẹ̀rọ ti òkèèrè dé, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ lọ títí ayé. Bí ó bá dákẹ́, òkè ni yóò tún gbójú sí, yóò máa retí òmíràn. Kò ní wo ọmọ kékeré tí ń kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ igi lójú títì, kí ó béèrè ohun tí ó yẹ kí a kọ́ ọ sí i. Ọ̀pọ̀ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ iwájú ní aṣọ, wọn kò fún un ní àkísà. Ẹ̀yin tí ẹ óò máa kọ ìtàn, tí ẹ óò sì máa kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn bí a ti ń kọ ọ́, ẹ dá ọkọ̀ tí ó bá wù yín, kí ó sáré dé ibi tí ó bá wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ fi èèwọ̀ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ má sì gbàgbé ilé ẹni tí ń tún un ṣe.

Nígbà tí ìsinmi kù ọjọ́ méjì kí ó parí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti tún ìtàn náà kọ. Ọdún 2125 náà ni, ọkọ̀ ṣì ń fò lókè odò, yàrá dígí ṣì ń gbé ènìyàn lọ sí Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, yàrá náà kì í ṣiṣẹ́. Obìnrin kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá odò ni yóò wá tú ìdí rẹ̀, yóò kó àwọn nọ́ọ̀tù rẹ̀ sínú agolo, yóò jó ibi tí ó bá sán. Àwọn èrò á tò sí ẹnu ọ̀nà, wọn á máa kùn, wọn á ní ó ti pẹ́ jù. Kò ní dá wọn lóhùn. Bí ó bá parí, òun ni yóò kọ́kọ́ wọ inú yàrá náà lọ sí Òṣogbo kí ó sì padà, kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́.

Bàbá gbọ́ ọ dé òpin. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra ojú rẹ̀.

Ó ní, "Obìnrin yẹn, nígbà tí ó bá ń jó irin, ṣé ó ń lo gíláàsì sójú?"

Ọmọ wo inú ìwé rẹ̀. Kò kọ ọ́ síbẹ̀. Ó mú bírò, ó sì kọ ọ́ kún un.